Kí Ẹ Tó Kó Lọ Sí Èkó Olómi: Ọ̀rọ̀ Láti Ẹnu Káfíńtà Kan Ní Kugbo

Kò sí ọdún tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Àbújá kì í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Èkó. Ẹni tí wọ́n gbé ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ á bi mí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ á bi mí, ẹni tí ooru oṣù Kẹta kò jẹ́ kó rí oorun sùn náà á bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ti gbébẹ̀ rí, ṣé òjò Èkó ṣeé bá gbé?" Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ẹ̀bá ọ̀sà ní Èbúté-Mẹ́ta ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo gbé Kétu, mo gbé Ajah, kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Kugbo níbí. Èsì mi kì í yí padà: òjò kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ wádìí ibi tí omi ń gbà lọ nígbà tí òjò bá dá, kí ẹ sì wádìí ohun tí afẹ́fẹ́ òkun máa ṣe sí dúkìá yín.

Àwọn kan rò pé Àbújá gbẹ. Kò gbẹ rárá. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá lòjò ń rọ̀ níbí, bí a bá sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́dún, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti Èkó, tó máa ń ju 1,500 mílímítà lọ. Àwọn ará Kánò ló yẹ kó sọ pé ibi tiwọn gbẹ. Oṣù díẹ̀ lòjò tiwọn ń lò, oṣù Kẹjọ ló sì máa ń le jù. Ẹ wá wò ó, oṣù Kẹjọ yẹn gan-an ni òjò Èkó máa ń sinmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ti Èkó ń gbóná lọ́dún: àkọ́rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, á le dójú ẹ̀ ní oṣù Kẹfà, á dẹwọ́ ní oṣù Kẹjọ, àrọ̀kúrò á tún gbà á ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Ẹni tó bá fi òǹkà Kánò lọ sí Èkó, òjò á ká a mọ́ ojú ọ̀nà.

Ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ibi tí a wà yìí fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju òkun lọ, bí òjò bá ti rọ̀, omi á wá ìsàlẹ̀ lọ. Ní Èkó, ẹ̀yin gan-an lẹ wà ní ìsàlẹ̀ yẹn. Omi inú gọ́tà fẹ́ lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà fẹ́ lọ sínú òkun, bí òkun bá sì kún lásìkò yẹn, gbogbo wọn á dúró de ara wọn. Ìdí nìyẹn tí òjò wákàtí méjì fi lè sọ àdúgbò di odò lónìí, tí èyí tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la kò sì ní ṣe nǹkan kan, torí òkun ti fà. Ẹni tó wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 2011, kò ní gbàgbé: òjò tó lé ní 200 mílímítà ló rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kí ará Àbújá má yangàn o. Omi ya wọ ọgbà ilé Trademore ní Lugbe níbí ní 2021, ó tún ya wọ̀ ọ́ ní 2023. Ní Màídúgùrì tí gbogbo wa ń pè ní ilẹ̀ gbígbẹ, ìsédò Alau ya ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìlú sì rì. Ẹni tó kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, ibi yòówù kó wà, omi á wá a débẹ̀.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ fi gbogbo ọgbọ́n yín wá. Ẹ lọ wò ó ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Ilé tí ẹ bá wò ní oṣù Kínní, irọ́ funfun ni. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì bá ejẹ́ńtì sọ̀rọ̀ owó, ìsàlẹ̀ ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ọ̀dà tuntun wà láti ilẹ̀ dé orúnkún, tí ti òkè sì ti ṣá? Ẹ bi wọ́n kí ló dé. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná: èyí tí wọ́n gbé sókè dé ọ̀gangan àyà, kì í ṣe torí ẹ̀ṣọ́. Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn bóyá wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù dí i tí èèyàn fi ní láti gbẹ́sẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn. Igi tó yè á le koko. Èyí tí omi ti ń bẹ̀ wò lọ́dọọdún á ti dúdú, kọ́kọ́rọ́ á sì wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ ẹ̀kọ. Ejẹ́ńtì lè kun ògiri, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí èyí tó rántí férémù.

Ẹ tún wo títì. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ọdọọdún ni wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ àti pàǹtí búlọ́ọ̀kù sí i, títì ń ga, ọgbà ilé ń di kòtò. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti títì wọnú ọgbà, omi náà máa sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in ní ìkòríta, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá bi í pé, "Mà, níbo lomi ń dé tí òjò bá rọ̀?" Òun kò ní owó kankan láti gbà nínú ilé yẹn.

Àwọn ibì kan wà tí omi ń wọlé lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Kétu, Alápẹ̀rẹ̀, Máìlì 12 títí lọ sí apá Agboyi, odò Ògùn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ sínú ọ̀sà. Bí ìsédò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn bá kún, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbà á. Nígbà tí mo ń gbé ibẹ̀, kí àrọ̀kúrò tó dé la ti máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì sórí búlọ́ọ̀kù. Kì í ṣe gbogbo Kétu ló rí bẹ́ẹ̀, òkè ibẹ̀ dára. Ìkejà àti Agége náà ga díẹ̀. Ní tèmi, ẹni tí ọmọ kéékèèké wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tó ga ni kó wá, bí ibẹ̀ bá tiẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́.

Ní ti àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ lẹ́bàá òkun torí atẹ́gùn àti ojú-rírí, ẹ fara balẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti to òkúta sẹ́nu ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ inú ọ̀sà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, yanrìn tí òkun ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́. Ilẹ̀ tó wà ní ìlà oòrùn ni òkun wá ń jẹ. Ó jẹ Bar Beach kó tó di pé wọ́n mọ odi ìlú tuntun Eko Atlantic síwájú rẹ̀, ẹ sì bi àwọn ará Òkun Alfa ohun tí ojú wọn rí.

Ọ̀rọ̀ omi mímu kò gùn. Níbí, inú àpáta là ń gbẹ́ kànga sí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì le, méruwà tó ń ta omi kiri lọ̀gá wa. Ní apá Lẹkki àti Ajah, ẹ ò ní í gbẹ́ jìnnà tí ẹ ó fi kan omi, àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó ilé. Àwọn kan ní iyọ̀ nínú, àwọn kan pọ́n torí irin inú ilẹ̀, aṣọ funfun kì í sì í pẹ́ bà jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi owó omi mímu kún owó oúnjẹ yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ igi, ibi tí mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ jù nìyẹn, ẹ fara dà á fún mi. Pákó tí a ti là, tí a sá gbẹ, tí a kùn, ṣì ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀. Bó bá mu ún, ìbú rẹ̀ ló ń fẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ní Èkó, bí oṣù Kẹfà bá dé, ilẹ̀kùn onípákó á há mọ́ férémù, ẹ ó máa fi èjìká tì í. Àwọn èèyàn á ké sí káfíńtà, káfíńtà á gbé ìfági, á fá a títí á fi pa dé wẹ́rẹ́. Ọyẹ́ Èkó tó kéré yẹn á dé ní oṣù Kínní, igi á sún kì, àlàfo á sì wà níbẹ̀ tí aláǹgbá ń gbà wọlé kí yín. Bí ilẹ̀kùn yín bá há, ẹ kọ́kọ́ fi àbẹ́là pa etí rẹ̀ kó máa yọ̀. Bó bá kọ̀, kí wọ́n fá díẹ̀ péré, kí wọ́n sì kun ojú ibi tí wọ́n fá lọ́jọ́ náà gan-an. Orí àti ìdí ilẹ̀kùn tí ojú kì í tó, ẹ ní kí wọ́n kun ún náà, ibẹ̀ gan-an ni igi ń gbà mumi jù. Káfíńtà á sọ pé kò pọn dandan. Ó pọn dandan.

Níbí, òdìkejì ni. Tábìlì tí wọ́n kàn ní Èkó, tí wọ́n gbé wá sí Àbújá nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, á ya láàárín òru, ẹ ó gbọ́ "kà!" láti pálọ̀. Onígángan kan tó ń lu òde fún wa ní Nyanya sọ pé bákan náà ni awọ ìlù òun ń ṣe: ní Èkó ó máa ń rọ̀ tí ohùn á dìlẹ̀, níbí ó máa ń gan títí tí á fi fẹ́ ya.

Èyí tó burú ni MDF àti gbogbo bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀. Bí omi bá kan ìdí rẹ̀, á wú, kò sì ní padà síbi tó wà mọ́. Irin náà kò bọ́. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun, bí ẹ bá ṣe súnmọ́ ọn tó ni ìṣó, páànù, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti ẹ̀yìn AC yín ṣe máa tètè dógùn-ún tó. Aṣọ òkè àti bàtà aláwọ á bu nínú àpótí. Káńfọ̀ kò lè dí èbu lọ́wọ́, kòkòrò ló ń lé. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni oògùn rẹ̀: ẹ má gbé wọ́dúróòbù lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ fi àyè tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sá àwọn àpótí nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀yin náà ó wá máa rò pé mo kórìíra Èkó. Ká má rí i. Bí ọyẹ́ bá ń ya ètè wa níbí, tí eruku bo ojú ọ̀run tí bàálù ò lè gbéra, awọ ara àwọn ará Èkó ń dán. Ẹ ò ní í máa gbọ́ ìkéde àrùn yírùnyírùn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bíi ti ìhà Kánò àti Sókótó. Ẹ ó jẹ ẹja tó ṣì ń jà. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ wo akàn, edé àti ẹja odò rẹpẹtẹ, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹja inú yìnyín tí à ń rà níbí tún máa wù yín. Oorun inú òjò Èkó náà, pẹ̀lú páànù tó ń dún lókè, bí ilé yín bá ti wà lórí ilẹ̀ tó ga, kò sí ohun tí mo lè fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ní Àbújá.

Tòmátì ni kí ẹ má retí pé yóò pọ̀ bíi tibí. Ọ̀dọ̀ wa lókè ọya ló ti ń lọ, lásìkò òjò, ojú ọ̀nà á bà jẹ́, ìdajì apẹ̀rẹ̀ á ti rà kó tó dé Máìlì 12. Ibà kò sì mọ àsìkò níbẹ̀. Ní Kánò àti Kàtsínà, àsìkò òjò ni wọ́n máa ń gbé oògùn ibà kiri ilé fún àwọn ọmọ kéékèèké torí ìgbà yẹn ni ẹ̀fọn pọ̀. Ní Èkó, ẹ̀fọn kì í gba ìsinmi, nítorí náà ẹ ra nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ ti mọ̀ ọ́n, òjò kàn ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta ni. Ọ̀rọ̀ àyè tó há yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ adájọ́ Akínọlá Àgùdà wò ní 1975, kí wọ́n tó ní kí olú-ìlú kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ ń lọ, oṣù Kọkànlá ni kí ẹ kó ẹrù. Gbogbo MDF yín, ẹ tà á síbí, owó ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ san lórí rẹ̀ kò jọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì igi apá tàbí ìrókò, ẹ gbé e dání, ṣùgbọ́n kí wọ́n tú u. Bó bá dé Èkó, ẹ jẹ́ kí àwọn pákó rẹ̀ wà nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó mu afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó tò ó, ìdè idẹ ni kí wọ́n sì lò, kí wọ́n má lo onírin. Ẹ wo tapólì awakọ̀ fúnra yín kó tó gbéra, ẹ ṣí i, kí ẹ wo ihò ara rẹ̀. Láti Lọ́kọ́ja sísàlẹ̀, òjò lè rọ̀ nígbàkúùgbà, awakọ̀ kò sì ní dúró torí bẹ́ẹ̀dì yín.