Ìtẹ́ Ekùkù Lórí Igi Ìrà

Ìkéré-Èkìtì, Sátidé, oṣù kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹta rèé tí Dúpẹ́ ti ń họ ara. Nǹkan sú sí i lọ́rùn wínníwínní, apá rẹ̀ wú, àfi bí ẹni tí wèrèpè kàn lára. Mo di ẹ̀bi ru ẹ̀fọn, mo dì í ru ọṣẹ tuntun tí mo rà lọ́jà. Mo kó gbogbo aṣọ rẹ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ara yíyún náà wá ń peléke sí i.

Òwúrọ̀ yìí ni mo tó gbójú sókè. Abẹ́ igi ìrà ni okùn aṣọ wa gbà kọjá, ìtẹ́ kòkòrò méjì ló sì wà lórí igi náà. Ọ̀kan ti parí: ó rí bí àpò bébà aláwọ̀ ilẹ̀, ó tó orí ọmọdé, ó há sáàárín ẹ̀ka méjì. Èkejì ṣì fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Ewé tó yí wọn ká ti tán, iṣan ewé nìkan ló kù. Àwọn tó ni ìtẹ́ kejì wà lára igi, wọ́n ń ti ibi oúnjẹ bọ̀, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn, orí èyí kan ìdí tọ̀hún, irun funfun gígùn bò wọ́n. Mo fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan dí èyí tó ṣáájú lọ́nà. Ó dúró. Gbogbo wọn dúró. Ó wù mí wò, n kò ní parọ́. Àmọ́ mo rántí ọrùn ọmọ mi, mo lọ gbé kẹrosíìnì àti ìṣáná.

Màmá tó ń gbé nílé kejì rí mi láti ojú fèrèsé.

"Ìyá Dúpẹ́, kí lo fẹ́ sun níbẹ̀ yẹn?"

"Kòkòrò ni, mà. Òun ló ń yún ọmọ lára."

"Ṣé ekùkù kọ́ nìyẹn? Gbé ìṣáná yẹn sílẹ̀."

Wọ́n tẹ̀ pá wá bá mi. Wọ́n ní tí mo bá sun ún, irun rẹ̀ á bá èéfín wọ gbogbo wa lójú, iná á sì jó èèpo igi. Ewé tí kòkòrò jẹ á tún rú, igi tí iná bó lára ló ń kú. Ìrà sì rèé, tí a ń se èèpo rẹ̀ fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá ṣe funfun.

Wọ́n wá bi mí bóyá mo mọ ohun tí ìtẹ́ yẹn jẹ́. Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní sányán ni. Ìyá wọn a máa se é nínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, a ṣàn án, a sá a, a fi ọwọ́ tú u, a wá ran án bí òwú. Kò sí aró nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Mo tún wo ìtẹ́ náà, mo rántí agbádá sányán tí bàbá mi fi sílẹ̀ nínú àpótí. Àwọ̀ kan náà ni. Láti kékeré ni mo ti ń rò pé wọ́n pa á láró.

Mo bèèrè bóyá wọ́n jẹ ekùkù rí. Wọ́n ní àwọn a máa yan án nígbà èwe, ṣùgbọ́n ìyá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lájẹjù nígbà òjò, torí àwọn kan jẹ ẹ́ tí ara wọn ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Àyà mi já. Nọ́ọ̀sì ni mí. Àìsàn yẹn wà nínú ìwé tí a kà: ọdún 1993 ni dókítà kan ní Ilé-Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde pé ekùkù ló wà nídìí rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ìdáná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀bà àti fùfú nìkan ló ń rí jẹ ni ó ń mú jù. Mo mọ àìsàn náà, mo mọ aṣọ náà, n kò mọ̀ pé kòkòrò orí igi mi ló ni méjèèjì.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ekùkù ti wọ inú ìtẹ́ wọn tán, mo wọ aṣọ òjò ọkọ mi, mo fi ọ̀rá di ọrùn ọwọ́, mo fi ìborùn bo ojú. Mo gé ẹ̀ka tó ní ìtẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà jẹ́jẹ́, mo tì í bọ inú báàfù omi ọṣẹ, mo sì bò ó. Ìtẹ́ tó ti parí ńkọ́? Màmá ní kí n má rì í bọ omi. Mo fi ọ̀pá gé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi àpò ìrẹsì bò ó, ọmọ wọn ọkùnrin gbé e lọ so sí oko wọn. Tí labalábá rẹ̀ bá jáde tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ran òwú hàn mí.

Ojú fíránńdà ni okùn aṣọ wà báyìí. Mo tún gbogbo aṣọ fọ̀. Kí Dúpẹ́ tó wẹ̀, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn lọ́rùn, mo ṣí i kúrò, mo tún lẹ òmíràn. Mo gbé ọ̀kan sí ojú iná tọ́ọ̀ṣì: irun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, ó tó ogún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ìpéǹpéjú lọ. Dúpẹ́ ti sùn. Kò tíì họra láti aago mẹ́jọ.