Kámẹ́rà Bàbá Mi àti Ojú Tó Fi Ń Wọn Ìmọ́lẹ̀

Nínú àpótí bàbá mi ní Ọ̀fà ni mo ti rí Kodak Instamatic 300 tí wọ́n fi máa ń yà wá nígbà tí a wà ní kékeré. Ọdún 1963 ni Kodak gbé irú kámẹ́rà yìí jáde ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú fíìmù 126 tí a ti dì sínú kásẹ́ẹ̀tì oníke. Èèyàn kàn ń fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i ni, kí ó sì pa ẹ̀yìn kámẹ́rà dé. Fíìmù tí a ti lò ń ká ara rẹ̀ sí ìhà kejì, kò sí pé à ń dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú rẹ̀ ni èròjà kan, selenium, tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, iná mànàmáná bíńtín ń jáde lára rẹ̀, iná yìí ń ti abẹ́rẹ́ kan, ibi tí abẹ́rẹ́ náà bá sì dúró sí ni kámẹ́rà fi ń mọ bí ihò ojú rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó. Iṣẹ́ yìí kò gba bátìrì rárá. Wọ́n tún gé ibì kan díẹ̀ létí kásẹ́ẹ̀tì, ibi tí gígé náà bá bọ́ sí ló ń sọ fún kámẹ́rà bí fíìmù inú rẹ̀ ṣe tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ tó. Ọgbọ́n gidi ni mo ka èyí sí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wọ̀n pọ̀. Fọ́tò méjì tí bàbá mi ya Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kan náà wà lọ́wọ́ mi, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn dọ́gba bí ti gbogbo fọ́tò 126. Nínú èyí tí wọ́n yà lábẹ́ igi máńgòrò, mo lè ka ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú èkejì, ògiri funfun tí oòrùn ń pa ló wà lẹ́yìn wọn; kámẹ́rà rí ìmọ́lẹ̀ ògiri, ó sé ihò rẹ̀ kéré, ojú Ìyá Àgbà sì dúdú débi pé gèlè nìkan ló hàn. Àwa tí a dúdú ní láti fi èyí sọ́kàn gidigidi bí a bá ń lo irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀.

Kodak ti dáwọ́ ṣíṣe fíìmù 126 dúró láti ọdún 1999. Ihò kéékèèké tí wọ́n lu sétí fíìmù kò rí bákan náà: ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan lára 126, ti fíìmù mílímítà 35 tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà fíìmù 35 kì í dúró síbi tó yẹ bí a bá fà á nínú kámẹ́rà yìí. Síbẹ̀, mo ti tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan tí màá ki fíìmù 35 sínú rẹ̀. Ìyá mi ni màá kọ́kọ́ yà, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn.