Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Pa Ẹnu Mọ́ Lẹ́bàá Pápá

Láti ọdún 2014 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lórí pápá onísìmẹ́ńtì kan ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ni mo sì fi pariwo. Mo gbà pé ibi tí ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ròkè dé ni iṣẹ́ rẹ̀ hàn dé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́ èmi náà ṣe, àwọn òbí pàápàá a sì máa yìn mí pé, "Kóòṣì yìí ò gba gbẹ̀rẹ́."

Ọmọbìnrin ọdún 12 kan ló là mí lójú. Ó wà lára àwọn tó rọ́ wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí D'Tigress, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin Nàìjíríà, gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní Bamako ní Mali lọ́dún 2017. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, abala kẹrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀ láti apá òsì, ẹnì kejì rẹ̀ sì wà lábẹ́ agbọ̀n láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ti rí i, ojú rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti figbe ta: "Jù ú! Jù ú!" Dípò kó jù ú, ńṣe ló yíjú sí mi, bọ́ọ̀lù bá já lu bàtà rẹ̀, ó yí kọjá ìlà. Kò tilẹ̀ wo ibi tí bọ́ọ̀lù gbà. Èmi ló ṣì ń wò, ó ká èjìká mọ́ra bí ẹni tó ń dúró de ìgbájú.

Ojú tì mí, mo sì gbé ìtìjú náà lọ bá rẹfirí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, pé wọ́n gbá ọmọ mi lọ́wọ́, kò fọn fèrè. Ó fún mi ní technical, ìyẹn ìjìyà fún ìwà àìtọ́. Nínú òfin FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lágbàáyé, technical fún ẹgbẹ́ kejì ní ànfààní láti ju bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n láìsí ẹni tó ń dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n jù ú wọlé, àmì-ayò kan náà ni wọ́n sì fi borí wa, 31 sí 30. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ kékeré kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde, ó sì pe rẹfirí náà ní olè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń di ike omi mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu mi kó dé etí ọmọ, àlàfo tí mo rí ti dí, nítorí náà àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ni mò ń bá sọ̀rọ̀: "Ta ni wọn ò ṣọ́ báyìí?" Bí wọ́n bá wá wọlé, ojú wọn ti mọ ohun tó yẹ kó wá. Tí mo bá gba time-out, ìyẹn ìdádúró ráńpẹ́ láàárín eré, ìṣẹ́jú kan péré ni. Wọn a kọ́kọ́ mu omi, èmi a kúnlẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba, màá sì sọ ohun kan ṣoṣo. N kì í yọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàṣìṣe kúrò lójú ẹsẹ̀.

Rẹfirí ńkọ́? Tí eré bá dúró ni mò ń bi í léèrè, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i lọ́mọ. Àwọn kóòṣì kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ti àwọn òbí, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má ṣe bá mi kọ́ni. Bàbá kan wà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn. Mo gbé ìwé àti bírò fún un kó máa kọ àmì-ayò sílẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin yẹn kò fi wá sílẹ̀. Nínú ìdíje kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí kò yẹ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa. Mo fún ike omi mi mọ́ra. Ó ti sáré padà lọ ṣọ́ agbọ̀n wa, kò wẹ̀yìn wò mí rárá.