Òfin wo lẹ fi dè é? Ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ń gba ẹjọ́ àwọn tí ológun tì mọ́lé ní Àríwá nítorí ogun Boko Haram, ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò ìjọba nílé ẹjọ́ l'Ábújá nìyí: òfin wo lẹ fi dè é? Ẹ má jẹ́ kó fi "ọ̀tá ìlú ni" dáhùn. Orúkọ tí wọ́n bá pe ẹni náà ló ń sọ ọjọ́ tí àtìmọ́lé rẹ̀ yóò pin.

Bó bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun, Àdéhùn Geneva Kẹta ti ọdún 1949 ló kàn án. Wọn ò dè é láti fìyà jẹ ẹ́, kó má baà padà sójú ogun ni. Abala 118 ní kí wọ́n dá a sílẹ̀ láìjáfara bí ìjà bá ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ogun orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè nìyẹn. Boko Haram kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Abala 3 tó wà nínú Àdéhùn Geneva mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá irú ogun abẹ́lé bẹ́ẹ̀ wí. Ó ka ìdálóró léèwọ̀, àmọ́ kò sọ iye ọjọ́ tí èèyàn lè lò látìmọ́lé.

Àlàfo yìí ni Amẹ́ríkà gbà wọlé ní Guantánamo, ọgbà ẹ̀wọ̀n ológun wọn ní Cuba, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002. Wọ́n ní ogun ni, torí náà kò sí ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n tún ní àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ta ni yóò wá kéde pé ogun ìpániláyà ti parí? Nínú ẹjọ́ Hamdi, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n mú ní Afghanistan (2004), Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wọn gbà pé ìjọba lè ti ẹni tí wọ́n mú lójú ogun mọ́lé, ṣùgbọ́n pé ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi dè é, kó sì rí aláìṣègbè tí yóò rojọ́ fún. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ má fi ṣe òpó ẹjọ́ yín, nítorí kò de adájọ́ wa.

Òpó tiyín ni abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, tó sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́: ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ méjì tàbí iye tí adájọ́ bá rí pé ó tọ́ bó bá jìnnà. Òfin ìpániláyà ọdún 2022 wá fàyè gba àtìmọ́lé ọjọ́ 60 pẹ̀lú àṣẹ ilé ẹjọ́, àṣẹ tí wọ́n lè máa tún gbà títí ìwádìí àti ìgbẹ́jọ́ yóò fi parí. Ibi tí àìlópin ti ń yọ́ wọlé nìyẹn. Ẹ gba ẹ̀dà àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí ilé ẹjọ́ fi òǹtẹ̀ lù, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà láàrin wọn. Ọjọ́ tí àṣẹ kankan kò bò, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù ìjọba kì í ṣe irọ́: ẹlẹ́rìí ń sá, àwọn kan sì lè padà sínú igbó. Wọn yóò fi ẹjọ́ Asari Dokubo, ajìjàgbara Niger Delta (2007), kò yín lójú, pé ààbò ìlú ló ṣáájú. Béélì ni ẹjọ́ yẹn dá lé, ìwé ẹ̀sùn sì ti wà nílẹ̀. Ẹni tiyín kò tíì rí ìwé ẹ̀sùn.

Ìwé ìbúra (affidavit), níbi tí ẹlẹ́rìí ti ń kọ ohun tó mọ̀, ló ń ba ẹjọ́ wọ̀nyí jẹ́ jù. Ẹ má fi àríyànjiyàn òfin sínú rẹ̀, adájọ́ yóò fà á yọ. Bí ìyá ẹni náà bá ní "ṣáájú Iléyá" ni wọ́n mú un, ẹ wá ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà. Bí Hausa tàbí Kanuri nìkan ló gbọ́, ẹ kọ orúkọ ògbufọ̀ sí i. Kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ ẹni tó wà látìmọ́lé, Muhammad, Mohammed, Mamman, nítorí bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ìdáhùn tí ẹ ó gbà ni pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.