Ọjọ́ tí búlúù di elésè àlùkò

Ìwé ètò ìsìnkú ni, 500 ẹ̀dà. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn olóòkú fẹ́ sin ìyá wọn, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Búlúù tó ń dán bíi ti aṣọ ẹbí wọn ni wọ́n fẹ́. Elésè àlùkò ló jáde.

Ariwo kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń bójú tó ilé ìtẹ̀wé kékeré kan. Ṣùgbọ́n ojú oníbàárà ni ti ọjọ́ yẹn ti ṣẹlẹ̀. Bàbá tó ń darí mashíìnì nawọ́ sí ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: "Ìwọ lo ba iṣẹ́ yìí jẹ́!" Ọmọ náà fèsì: "Bàbá, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ ò po íǹkì dáadáa."

Ọmọ ọdún 23 ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni 60 ọdún. Mo fi ìbínú pàṣẹ pé kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bẹ Bàbá, ojú rẹ̀ ò bẹ̀ ẹ́. A tún iṣẹ́ náà tẹ̀ mọ́jú, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á kó pílétì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, kalẹ̀ láìla ẹnu, Bàbá á tẹ ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ méjì míì bàjẹ́.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a. Mo wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Màdámù, àfojúdi yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n owó ló ká mi lára jù. Ẹ rántí rímù pépà tẹ́ ẹ yọ nínú owó mi lọ́jọ́sí." Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún: "Àǹtí, èmi ni mò ń san owó ilé-ìwé àbúrò mi. Tẹ́ ẹ bá yọ owó yẹn, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Ohun kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì lẹ́rù: òfin pé ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ ni yóò sanwó rẹ̀. Èmi ni mo ṣe òfin ọ̀hún. Níbi tí irú rẹ̀ bá wà, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó fà á. Oníkálukú á máa wá ẹni tó máa dì í rù ni.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó fà á ò le. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde. Íǹkì mẹ́rin la fi ń tẹ̀wé: sáyánì (búlúù fẹ́ẹ́rẹ́), màjẹ́ńtà (pupa tó fẹ́ jọ elésè àlùkò), yẹ́lò àti dúdú. Tí a kò bá ṣọ́ búlúù tó ń dán nígbà tí a bá ń yí i padà láti àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà sí ti íǹkì, màjẹ́ńtà á pọ̀ jù nínú rẹ̀, á di elésè àlùkò. Ọmọ náà ò ṣọ́ ọ. Bàbá rí àwọ̀ náà lórí ìwé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan tó máa fi wé e, torí pé inú dúrọ́ọ̀ mi ni àpẹẹrẹ aṣọ ẹbí náà wà.

Mo ní káwọn méjèèjì jókòó, mo sì bẹ ọmọ náà níṣojú Bàbá, pé kò yẹ kí n ti dójú tì í níwájú oníbàárà. Òun náà dìde, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fagi lé yíyọ owó. Àpẹẹrẹ yòówù tí oníbàárà bá mú wá á tẹ̀ lé iṣẹ́ náà dé ìdí mashíìnì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà pé tó bá ń ṣe búlúù, kó jẹ́ kí màjẹ́ńtà fi nǹkan bí 30 nínú 100 kéré sí sáyánì.

Wọ́n ṣì ń jà o. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fáànù ni. Bàbá ní ó ń fẹ́ pépà òun káàkiri, ọmọ náà ní ooru ń pa òun nídìí kọ̀ǹpútà. Mo pe Bàbá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, kí n tó pe ọmọ náà.