Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lábẹ́ igi ṣẹ́rì

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé lẹ́ǹsì àtijọ́ lọ ya òdòdó, mo ya fótò tó igba láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ní Greenwich Park, ní London. Nígbà tí mo délé tí mo gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, mẹ́rin péré ló ṣeé fi han èèyàn. Ó dùn mí wọra. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà; bí mo ṣe ń tibi iṣẹ́ bọ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì 177 ní Peckham, mi ò tíì fojú kan oorun. Igi ṣẹ́rì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ranger's House yẹn, Kanzan ni wọ́n ń pè wọ́n, apá ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń tanná. Bí òjò àti afẹ́fẹ́ bá dà lù wọ́n, kíá ni gbogbo rẹ̀ á ti balẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó di àmọ́dún.

Mo tẹ́ mẹ́rin yẹn síwájú ara mi, mo ń wò wọ́n ṣáá. Kí ló mú kí ìwọ̀nyí dáa tí ìyókù fi bàjẹ́? Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, nígbà tí fíìmù ṣì jẹ́ mẹ́rìndínlógójì péré, tí èyí tó bá bàjẹ́ sì jẹ́ owó tó sọnù. Bí wọ́n bá fẹ́ ya oníbàárà, wọn á máa fi ìka méjì yí òrùka lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀, wọn á ní: “Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú bá ti mọ́, kò séwu bí aṣọ bá ṣe bàìbàì.” Nínú fótò mi mẹ́rin tó dáa, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó wà láàárín òdòdó, àwọn tó ní orí ofeefee yẹn, ló mọ́ gaara. Nínú àwọn tó bàjẹ́, etí òdòdó ló mọ́, tàbí ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn. Òdòdó náà ní ojú. Èmi ni mi ò wá a.

Jupiter-37A ni lẹ́ǹsì náà, tí wọ́n ṣe ní Soviet Union: 135mm, ìyẹn bó ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó, àti f/3.5, ìyẹn bí ihò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ṣe lè ṣí gbayawu tó. Irin ni ara rẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́, kò sì ní ohunkóhun tó lè fi bá kámẹ́rà òde òní sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ jẹ́ M42, irú èyí tí wọ́n ń yí wọlé; ẹ máa yí i wọ adapter, òrùka tó ń so ó mọ́ kámẹ́rà, bí ẹni ń dé ìgò. Kámẹ́rà ò ní mọ̀ pé lẹ́ǹsì kankan wà lára òun, ó sì lè kọ̀ láti ya fótò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Release without lens” sí nínú menu rẹ̀, kí ẹ gbà á láyè. Bí kámẹ́rà yín bá ní ohun tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n ọwọ́, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ 135 sínú rẹ̀. APS-C ni tèmi, irú kámẹ́rà tí ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré ju ti fíìmù lọ, nítorí náà 135mm yẹn ń fa nǹkan sún mọ́ mi bíi pé 200mm ni.

Kí n tó kúrò lórí lẹ́ǹsì: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kò lábùkù. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ohun tí ẹni tó tà á sọ nìyẹn. Mo délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, mo wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi ebu tó ti ya fọ́nrán-fọ́nrán lára dígí inú rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn. Kò gba owó padà. Láti ìgbà náà, ojú ọjà ni mo ti ń tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń ṣí ihò rẹ̀, mo máa ń pa á dé, kí n rí i bóyá òróró ti yọ́ sára àwọn abẹ inú rẹ̀.

Jupiter yìí ní abẹ méjìlá, ìdí nìyẹn tí ihò rẹ̀ fi ń rí róbótó kódà bí ẹ bá dín in kù, tí ìmọ́lẹ̀ tó bá là gba àárín ewé kọjá lẹ́yìn á sì rí róbótó bákan náà. Òrùka méjì ló wà fún ihò náà. Ọ̀kan ni ẹ máa fi yan ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró sí, ká ní f/5.6, èkejì ni ẹ máa fi ṣí i gbayawu kí ẹ lè ríran dáadáa, kí ẹ tó wá yí i padà títí á fi kọlu ibi tí ẹ yàn, láìgbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n báyìí, mi ò wò ó mọ́.

Ibi tí ó sún mọ́ jù tí ó lè rí ni mítà kan àti díẹ̀, 1.2m. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú f/3.5, ohun tó máa mọ́ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Sẹ̀ǹtímítà kan! Kí ẹ mí sínú lásán, ẹ ti kọjá rẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ní igba fótò yẹn ni pé mò ń yí òrùka tó ń mú àwòrán mọ́ síwá sẹ́yìn, tí mò ń lé òdòdó kiri. Ẹ má lé e. Ẹ yí òrùka dé ibi tó sún mọ́ jù, kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá fi ara yín rọra sún síwájú, kí ẹ rọra sún sẹ́yìn, títí ojú òdòdó á fi là sí yín. Ẹ fẹ̀yìn ti igi tàbí ògiri, kí ẹ fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra. Àwọ̀ tí kámẹ́rà máa ń fi sára ohun tó bá mọ́, focus peaking, máa ń parọ́ bí òdòdó bá funfun. Ẹ tẹ ibi tó ń sọ àwòrán di ńlá dípò rẹ̀. Mo máa ń gbé ṣọ́tà dé 1/500, ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, nítorí afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ náà máa ń sinmi. Ẹ̀ka á mì, á mì, á wá dúró bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín tí kò sín mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má fi Kanzan bẹ̀rẹ̀ o. Àṣìṣe mi gan-an nìyẹn. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ewé òdòdó rẹ̀ pọ̀, wọ́n ká lé ara wọn bíi gèlè ìyàwó, wọ́n bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú oṣù kẹta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú blackthorn tó máa ń tanná funfun lórí ẹ̀ka dúdú kó tó rúwé rárá. Ojú rẹ̀ hàn gbangba, ẹ kàn wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nítorí ẹ̀gún. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá rí Taihaku, irú ṣẹ́rì mìíràn, ẹ dúró tì í. Ewé òdòdó márùn-ún péré, funfun báláú, òdòdó kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ewé igi tuntun tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí bàbà. Igi yìí ti parẹ́ ní Japan tí í ṣe ilé rẹ̀, kí Collingwood Ingram, ará England kan tó fẹ́ràn ṣẹ́rì dọ́ba, tó rí i nínú ọgbà kan ní Sussex, tó sì dá a padà sílé. Mo máa ń rántí ìyẹn bí mo bá ń yà á.

Ohun tó wà lẹ́yìn òdòdó ṣe pàtàkì tó òdòdó fúnra rẹ̀. Ojú ọ̀run London máa ń funfun bí ẹ̀kọ. Bí òdòdó funfun bá wà níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Nítorí pé lẹ́ǹsì gígùn kì í rí ju tín-ń-tín lọ, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo sápá ọ̀tún ti tó láti gbé ọ̀run kúrò kó sì gbé ọgbà ewé dúdú dí i. Kámẹ́rà tún máa ń fẹ́ sọ funfun di eérú: mo máa ń fi +0.7 sí i níbi tí wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún àwòrán. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ osùn ni, ẹ má fi tó bẹ́ẹ̀, kó má baà bó. Bí oòrùn bá sì wà níwájú yín, ẹ fi ọwọ́ ṣíji bo ẹnu lẹ́ǹsì.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi Taihaku kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí WhatsApp. Wọn ò ya fótò mọ́, ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò tilẹ̀ kí mi dáadáa.

“Ta ló bá ẹ di ẹ̀ka yẹn mú?”

“Kò sẹ́ni tó dì í mú, sà. Mo dúró de afẹ́fẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ni.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ìka mélòó lo fi yí òrùka?”

“Méjì, sà.”