Mo gun òpó afẹ́fẹ́ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, lónìí

Àárọ̀ òní ni mo kọ́kọ́ gun òpó tọ́báìnì afẹ́fẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná mànàmáná, dé orí. Nǹkan bíi 80 mítà! Inú òpó ni àkàbà wà, mo sì ti de ara mi mọ́ okùn ààbò, síbẹ̀ orúnkún mi ń gbọ̀n. Nígbà tá a ṣí ìdérí òkè, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní, "Má tíì wo ìsàlẹ̀ o." Mo wò ó. (Etí mi kì í gbọ́ràn láti kékeré.)

Oko àgbàdo lọ súà. Àwọn àgbẹ̀ ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́, wọ́n sì ń gbin àgbàdo wọn dé nítòsí ìdí òpó. Ju ìdajì iná mànàmáná tí wọ́n ń pèsè ní Iowa ló ń ti ara afẹ́fẹ́ wá. 1983 ni ìpínlẹ̀ náà ti ṣòfin tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ iná máa lo irú iná bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ kan rèé: ìgbà tí wọ́n bá ń gbé òpó dúró niṣẹ́ pọ̀, kì í sì í pẹ́ tán. Iṣẹ́ àtúnṣe ló ń tọ́jọ́, àmọ́ èèyàn díẹ̀ ló ń gbà. Mo ti wà lára wọn báyìí.

Màmá mi pè nírọ̀lẹ́: "Ọmọ mi, ṣé wọn ò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó o tó tún un ṣe ni?"